Ìbò Ilé Ìwé Tí Mo Gbé Dé Àbíjàn

Ní ìlú Ara wa yìí, ẹni tó bá lọ sí Àbíjàn tó sì padà dé kì í ṣe ẹni àpéwò. Kò sí agboolé tí kò ní ènìyàn níbẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì mọ ojú owó mọ̀ pé "mèsí" ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Nítorí náà, n kò jókòó kọ ìtàn yìí láti fi yangàn. Mo kọ ọ́ nítorí pé láti ìgbà tí mo ti dé, ó ti lé lọ́dún kan báyìí, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: "Tíṣà, kí lẹ rà bọ̀?" Bí mo bá ní n kò ra nǹkan kan, wọ́n á máa wò mí bí obìnrin tó lọ sódò tó gbé korobá òfìfo bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi.

Ọjà kọ́ ló gbé mi lọ. Ìbò ni mo gbé lọ.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ní bí a bá lè fi ọwọ́ ara wa kọ́ àwọn kíláàsì àkọ́kọ́, àwọn yóò fún wa ní ilé ìwé girama, àwọn yóò sì kó olùkọ́ wá. Àwọn àgbà wá ní kí gbogbo ọmọ Ara tó ti tó bàbá ọmọ tó ti tó ìyá ọmọ máa dá owó ilé ìwé lọ́dọọdún títí ilé náà yóò fi parí, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ dìbò sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọ́n fi agbára gbà á lọ́wọ́ òun. Nígbà náà, títò sẹ́yìn ni ìjọba fi ń dìbò káàkiri, a sì ti mọ̀ ọ́n. A kọ BẸ́Ẹ̀ NI sára pákó kan, a kọ BẸ́Ẹ̀ KỌ́ sára èkejì, a kàn wọ́n mọ́ igi méjì níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kálukú sì lọ tò síbi tó wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ló borí, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi borí.

Ni lẹ́tà bá dé láti Àbíjàn. Àwọn ará wa níbẹ̀ ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọ́n ní àwọn ló pọ̀ jù, ọwọ́ àwọn ni ohun tí ilé ìwé yóò jẹ yóò ti wá jù, báwo la ṣe dìbò láì pe àwọn? Wọ́n ní kí á gbé ìbò náà wá. Bí àwọn bá gbà, ó di òfin. Bí àwọn bá kọ̀, kí á gbàgbé rẹ̀. Àwọn àgbà ìlú rí i pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n wá ẹni tó mọ ìṣirò, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Àbíjàn tí yóò máa gbè lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo Ara, èmi nìkan ni wọ́n rí.

N kò kọ̀. Kíláàsì kẹfà ni mo ń kọ́. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ló wà níwájú mi lọ́dún yẹn, mo sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ bí wọ́n bá ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọkùnrin á máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwé girama ní Èjìgbò. Àwọn obìnrin, ìyá wọn kì í gbà kí wọ́n máa dá gba ọ̀nà oko yẹn lójoojúmọ́. Èyí tí wọn kò bá mú lọ bá mọ̀lẹ́bí tajà ní Àbíjàn, ọkọ ni yóò lọ fẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní ìṣirò tí wọn kò ní fi ṣe ju kí wọ́n ka tòmátì lórí àtẹ lọ. Ó ń bí mi nínú. Mo fẹ́ ilé ìwé náà ju bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń ka ìbò fẹ́ ẹ lọ, mo sì gbé ìfẹ́ yẹn pa mọ́ sínú ẹrù pẹ̀lú pákó méjèèjì.

Ojú ọ̀nà

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Ẹni tó bá ti lọ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì lọ, ìdí rẹ̀ yóò sọ fún un nígbà tó bá lọ. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹnu mi ni yóò máa kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti kọjá ibodè. Ní Kútọnu, búrẹ́dì ti gùn gbọọrọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì le débi pé ó gún mi lẹ́rìgì. Ní ilẹ̀ Gánà, mo ra kẹ́ńkẹ́ tí wọ́n dì sínú háhá àgbàdo. Ó kan díẹ̀ bí ògì ọjọ́ kẹta, mo sì ń fi ìka kan tọ́ ọ wò bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn. Ìyá tó tà á rí mi. Ó kúrò nídìí àtẹ rẹ̀, ó jókòó tì mí, ó bó háhá náà, ó bu kẹ́ńkẹ́, ó tì í bọ ata dúdú tí wọ́n fi edé dín, ó sì nawọ́ rẹ̀ sí mi lẹ́nu. A kò gbọ́ èdè ara wa. Mo ya ẹnu. Kò padà sídìí ọjà rẹ̀ títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó wá pàtẹ́wọ́ fún mi níwájú gbogbo èrò ọkọ̀. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo sì ra méjì sí i.

Ní ibodè Kódífúà, ilẹ̀ tí Àbíjàn wà, ni ẹ̀rù ti bà mí. Aṣọ́bodè kan tú ẹrù mi, ó fa pákó BẸ́Ẹ̀ KỌ́ yọ, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó fi Faransé bi mí ní ìbéèrè tó gùn. Faransé mi kò ju mèsí lọ, mo sì mọ̀ pé mèsí kọ́ ni èsì rẹ̀. Awakọ̀ wa, tó jẹ́ ọmọ Èjìgbò, bá mi dá sí i. Ó ní ọ̀gá náà ń bèèrè bóyá mo fẹ́ wá kó àwọn ènìyàn jáde láti da ìlú wọn rú ni.

"Ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni," ni mo wí. "A fẹ́ mọ̀ bóyá kí á kọ́ ọ tàbí kí á má kọ́ ọ."

Awakọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá náà wo pákó, ó wò mí, ó tún bèèrè nǹkan, awakọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ó ní ta ni ẹni tó máa dìbò pé kí wọ́n má kọ́ ilé ìwé?"

Mo ní kó dúró, yóò yà á lẹ́nu. Ni ọkùnrin yìí bá gbé pákó BẸ́Ẹ̀ NI lé orí àga, ó lọ dúró ṣánṣán sẹ́yìn àga náà, ó sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì pé kí wọ́n wá tò sẹ́yìn òun. Ọmọ márùn-ún ló bí, gbogbo wọn ló wà nílé ìwé. Báyìí ni mo ṣe wọ Kódífúà pẹ̀lú ìbò mẹ́ta tí n kò lè kà.

Omi kí ọ̀rọ̀ tó dé

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Àjàmé ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, nílé Ìyá Sílífá. Ọmọ ìlú wa ni Ìyá Sílífá, wọ́n ń ta sílípáàsì lọ́jà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ara níbẹ̀ ló sì ní kí wọ́n gbà mí lálejò. Kúù ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀: géètì kan, yàrá tó yí àgbàlá ká, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo láàárín. Nígbà tí mo dé, Ìyá Sílífá kò tíì ti ọjà dé. Onílé ló gbà mí, ọmọ onílẹ̀ kan, obìnrin ẹ̀yà Baulé, tó ń jẹ́ Màdáàmù Akísí, tó ti kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ àwọn ayálégbé rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Mo kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí mo ti wá, ohun tí mo gbé wá àti ọjọ́ tí mo fẹ́ kí ìpàdé jẹ́. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Ó fún mi ní àga. Ó bu omi tútù wá. Mo mu díẹ̀, mo ní, "Ṣé ẹ rí i, ìbò yìí..." Ó tún gbé ọwọ́ sókè. Mo mu omi náà tán. Ó jókòó níwájú mi, ó gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó wá bi mí pé kí ni ìròyìn ọ̀nà.

"Ìròyìn ni pé ìbò..."

"Rárá," ó ní. "Ìròyìn ò burú. Ìyẹn lẹ máa kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀."

Mo ní ìròyìn kò burú. Ó ní kí á dúpẹ́. Ìgbà náà ló tó ní kí n máa sọ ohun tó gbé mi wá, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n rán mi sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí i nínú gbogbo ilé àwọn onílẹ̀ tí mo wọ̀ níbẹ̀. Àwa tí a ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ènìyàn kí bí Yorùbá! Mo ti rí àwọn tó lè bá wa du ipò yẹn o.

Nígbà tí Ìyá Sílífá dé, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n bi mí léèrè ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá rí pákó méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Tíṣà," wọ́n ní, "o ti Ara bọ̀ wá bá wa, o ò gbé gàrí, o ò gbé ẹ̀gúsí, pákó lo gbé wá? Ṣé wọ́n sọ fún yín nílé pé a ò rí igi dáná ni?"

Wọ́n gbé àtíẹ́kẹ́ fún mi. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, bíi gàrí tí wọ́n fi ooru sè dípò kí wọ́n yan án, ó sì tú fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n fi ẹja díndín, àlùbọ́sà tútù àti tòmátì sí i. Mo jẹun débi pé mo gbàgbé pé inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ igi ìdáná yẹn.

Ẹ̀yìn Baba

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pe ìpàdé sí ilé ẹgbẹ́. Ojú mi rí ènìyàn! Àwọn tí a jọ ṣe kékeré, àwọn tí mo ti na lẹ́gba rí ní kíláàsì, àwọn tí orúkọ wọn nìkan ni mo mọ̀ láti inú lẹ́tà. Wọ́n ń fi Yorùbá kí mi, wọ́n ń fi Faransé bá àwọn ọmọ wọn wí. Gbogbo wọn ló ń bèèrè igi kan, odò kan, ìyá arúgbó kan, bóyá ó ṣì wà.

Ẹni tó jókòó lókè ni Baba Làmídì, olórí ẹgbẹ́. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti dé Àbíjàn. Irùngbọ̀n wọn funfun, ohùn wọn kì í ròkè. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá yẹn tí kò sun yàrá Baba ní oṣù àkọ́kọ́ tó dé, kò sì sí ẹni tó rí iṣẹ́ tàbí ibi tí yóò pàtẹ sí tí kì í ṣe ẹnu Baba ló fi rí i.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Nílé, igi la kan pákó mọ́. Àgbàlá ilé ẹgbẹ́, kànkéré ni láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn, kò sí igi kan. Mo ní kí ẹnì kan bá mi di BẸ́Ẹ̀ KỌ́ mú. Kò sẹ́ni tó fẹ́. Ta ni yóò dúró síbẹ̀ kí wọ́n wí pé òun ló kọ ilé ìwé? Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń le, Baba Làmídì dìde.

"Ẹ gbé e fún mi," wọ́n ní. "Pákó lásán ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tilẹ̀ rò pé mo ríṣẹ́ ṣe, pé àgbà tó ní ìtẹríba ló bá mi tún un ṣe. Èmi gbé BẸ́Ẹ̀ NI, mo lọ dúró sí igun kejì, mo sì ní kí wọ́n máa tò.

Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ jáde. Ó rìn lọ bá Baba, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì lọ dúró sẹ́yìn wọn. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, òun náà kúnlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń wọ́ lọ ni. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún mi láàárọ̀ pé àwọn fẹ́ ilé ìwé, wọ́n dé àárín àgbàlá, wọ́n wò mí, wọ́n wo Baba, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì tò sẹ́yìn Baba.

"Ẹ̀yin ará mi," mo kígbe, "pákó lẹ ń tò sí o, Baba kọ́!"

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìwé rí fi ojú bẹ̀ mí. "Tíṣà, ẹ má bínú. Tí mo bá wá sọ́dọ̀ yín, mo ti kẹ́yìn sí Baba nìyẹn."

Nígbà tí mo ka ìbò, ẹni mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn mi, Ìyá Sílífá sì ni olórí wọn. Gbogbo àwọn yòókù wà lẹ́yìn irùngbọ̀n funfun. Ìlà náà gùn dé géètì, ó yí padà, ó sì bọ̀. Ojú Baba gan-an dàrú. Mo fi ojú inú rí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rìnlá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sunkún níwájú gbogbo wọn láì bojú.

Ọ̀sẹ̀ kan lọ́jà

Ìyá Sílífá kò jẹ́ kí n jókòó sílé kí n máa bínú. Wọ́n mú mi lọ sídìí ọjà wọn lójoojúmọ́. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. "Ànàgó, èló ni eléyìí?" "Ànàgó, dín in kù!" Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó ń ta mí létí, ó ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bú mi. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, mo ti ń dáhùn. Mo kọsẹ̀ lára òkúta lọ́jọ́ kan, gbogbo àwọn tó wà nítòsí, ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí n kò mọ̀, ké papọ̀ pé, "Yakó!" Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń kí mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín tilẹ̀ fi díẹ̀ jin mí nítorí àtàǹpàkò mi. Àlejò níyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò tún ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀fẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a dé sílé láti kírun. Bàtà àwọn tó ti wà nídìí ìrun kún ẹnu ọ̀nà yàrá kan. Mo ti kọjá wọn tán kí Ìyá Sílífá tó pè mí padà.

"Tíṣà, wò ó. Bàtà Alhájì tó ni yàrá yìí rèé. Ti ọmọ tó ń bá wọn fọṣọ rèé lórí rẹ̀. Ṣé o rí i kó dọ̀bálẹ̀?"

"Bàtà kẹ̀?"

"Bàtà ò lẹ́gbọ̀ọ́n," wọ́n ní. "Ibẹ̀ nìkan la ò ti í bọ̀wọ̀ fúnra wa. Kí ló dé tí a ò jẹ́ kí bàtà dìbò?"

Mo dúró, mo ń wo àwọn bàtà yẹn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo dì mọ́ Ìyá Sílífá ní ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, tí wọ́n ń pariwo pé kí n má wó àwọn lulẹ̀.

Ṣùgbọ́n Baba Làmídì nìkan ló lè ní kí á tún ìbò náà ṣe. A lọ bá wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mu omi tán, mo ní ìròyìn kò burú, mo jẹ́ kí wọ́n bèèrè kí n tó sọ̀rọ̀. Baba gbọ́ mi láì dá mi lẹ́nu.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ẹ̀yìn mi ni wọ́n tò sí, wọn ò tò sẹ́yìn ìwé. Ìbò tí mo fi irùngbọ̀n jẹ, ìyẹn kì í ṣe ìbò. Ẹ tún un ṣe."

"Baba, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù," mo ní. "Gbogbo ayé ló mọ bàtà yín." Òótọ́ ni. Sílípáàsì Ìyá Sílífá ni gbogbo àwọn yòókù ń wọ̀, ti Baba nìkan ni awọ aláràbarà tí wọ́n rán láti ilé. "Bí wọ́n bá rí i níbì kan, ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa bọ́ tiwọn sí. Ẹ dákun, ẹ̀yin ni kí ẹ wọlé kẹ́yìn."

Ìyá Sílífá mí kanlẹ̀. Ẹni tó sọ fún àgbà pé kí ó dúró níta kí àwọn ọmọdé wọlé ṣáájú, ó ti wá ẹ̀sín ara rẹ̀. Ni èjìká Baba bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rí i pé ẹ̀rín ni.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni àbúrò gbogbo yín."

Ẹní méjì

A ta aṣọ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹgbẹ́, a tẹ́ ẹní méjì sẹ́yìn rẹ̀, pákó BẸ́Ẹ̀ NI lórí ẹní aláwọ̀ ewé, pákó BẸ́Ẹ̀ KỌ́ lórí ẹní pupa. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀yìn aṣọ ní òun nìkan, kí ó bọ́ bàtà sórí ẹní tó bá fẹ́, kí ó sì gba ibẹ̀ wọ pálọ̀ láìwọ bàtà. Èmi dúró ní ìta, mo kẹ́yìn sí i.

Wàhálà dé nígbà tí mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí ẹsẹ̀. Baba Làmídì ṣì wà níta. Wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́. Ni Baba bá rìn lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti Ara dé, wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n," wọ́n ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọlé o. Oòrùn ń pa àbúrò yín."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fo ògiri. Ó sáré wọ ẹ̀yìn aṣọ bí ẹni tí oyin lé. Gbogbo àgbàlá hó. Láti ìgbà náà, kò tún sẹ́ni tó dúró kí Baba wá pe òun lẹ́gbọ̀ọ́n, wọ́n ń wọlé wéréwéré. Ẹnì kan bọ́ ẹsẹ̀ kan sórí ẹní ewé, ó bọ́ èkejì sórí ẹní pupa. A kò tíì mọ ẹni náà dòní, mo sì fagi lé ìbò rẹ̀. Baba ló wọlé kẹ́yìn.

Mo ka ìbò ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo ní kí Màdáàmù Akísí, tó tẹ̀ lé wa wá wòran, bá mi kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹní ewé kò gba bàtà náà, ó ti ṣàn sórí ilẹ̀. Lórí ẹní pupa, bàtà ogún péré ló wà. Ọ̀kan nínú ogún náà jẹ́ awọ aláràbarà.

Mo fi ìborí mi bò ó. Mo wọlé, mo kéde pé bẹ́ẹ̀ ni ló borí. Ariwo! Àwọn ìyá ń jó láìwọ bàtà, àwọn ọkùnrin ń gbé ara wọn sókè. Èmi náà jó, èmi tí n kì í jó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ́ jáde láti wá bàtà wọn, ìran tún dé, nítorí bàtà kan náà ni gbogbo wọn rà lọ́wọ́ obìnrin kan náà. "Èyí kì í ṣe tèmi, ó fẹ̀!" "Ta ló wọ tọ̀tún mi?" Ìyá Sílífá jókòó lórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀la lọ́jà yóò dùn.

Baba rí ìborí mi lórí ẹní pupa.

"Tíṣà, ṣí i sílẹ̀. Ṣé mo jalè ni?"

Mo ṣí i. Gbogbo ẹnu dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Baba fi ẹsẹ̀ wọ bàtà wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n kọjú sí àwọn ènìyàn.

"Èmi dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́," wọ́n ní. "Ẹ ti ṣẹ́gun mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ báyẹn, ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀." Wọ́n ki ọwọ́ sápò, wọ́n sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó san owó ilé ìwé Ara.

Baba fúnra wọn ló sìn mí dé ibùdókọ̀ nígbà tí mo ń bọ̀ wálé. N kò lè mú un mọ́ra, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́.

"N kò kórìíra ìwé," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ẹ máa wá fi ilé ìwé dá dúró yẹn, àwọn ló máa ń wá bá wa. Bí ọ̀kan bá ti dé, òun ló ń sọ fún wa ẹni tó bímọ nílé, òun ló ń sọ bí òjò ṣe rọ̀ fún wa. Bí wọn ò bá wá mọ́, ta ni yóò máa bẹ̀ wá wò?"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wọ ọkọ̀.

Ilé

Ẹ̀yin náà lẹ wá pàdé mi nígbà tí mo dé, n kò ní í sọ ìyẹn fún yín. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti kan páànù sórí kíláàsì àkọ́kọ́ kí ọyẹ́ tó dé. Mẹ́tàlá nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rìnlá yẹn ló wọ̀ ọ́. Wọ́n ti mú ọ̀kan lọ kí n tó dé, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Olùkọ́ Yorùbá tí ìjọba ṣèlérí kò tíì dé, nítorí náà èmi ni mo ń lọ bá wọn ní ọ̀sán. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fún wọn ni lẹ́tà sí Baba Làmídì. Mo sọ fún wọn bí Baba ṣe dìbò, mo sì sọ pé Baba náà ló kọ́kọ́ san owó. Ohun tí Baba sọ fún mi ní ibùdókọ̀, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn, Múníràtù, ló kọ́kọ́ parí, ó gbé tirẹ̀ wá fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò:

"Baba wa, ẹ kú ibẹ̀ o. Tíṣà ní ẹ dìbò pé kí wọ́n má kọ́ ilé ìwé wa, ẹ sì tún san owó rẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Èmi ò rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó kan bí ìbejì ní agboolé yín. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, iṣu ta. Bí a bá gba ìsinmi, ṣé mo lè wá kí yín?"

Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. N kò tún ọ̀kankan ṣe, mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.